Ẹ Tún Gbìyànjú

"O fi ìyá wa sílẹ̀ lórí ibùsùn, o jáde lọ dúró lójú títì! Àlejò ò tiẹ̀ ní í ṣe bẹ́ẹ̀!"

Gbogbo ọ́fíìsì yíjú síbẹ̀. Ẹnu-Abẹ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń pariwo yìí níbi iṣẹ́, torí kò sí ìpàdé tí kì í ti fi ẹnu gé èèyàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ aránṣọ ló dúró níwájú rẹ̀, téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Láti kékeré, Ẹnu-Abẹ ò fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Èmi lò ń pè ní 'o'?" Ẹ̀gbọ́n ò gbé ohùn sókè. "Kò burú. Ó pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí tá a sin màmá, o ò gbé fóònù mi. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Wo èyí, kó o tó pa mí tán."

Ó na fóònù sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ́fíìsì náà ló wà lójú rẹ̀, ètò tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ aláìsàn láti orí fóònù. Ẹnu-Abẹ fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, tó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ màmá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí màmá kú, èémí rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n tẹ "Fi afẹ́fẹ́ kún un". Fóònù dáhùn pé, "Kò bọ́ sí i. Ẹ tún gbìyànjú." Ìgbà mọ́kànlá.

"Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo sáré jáde lọ wá a."

Ojú Ẹnu-Abẹ yí padà. "Ẹ̀rọ àtijọ́ nìyẹn, kò lè gba irú àṣẹ yẹn láéláé! Ọ̀gá! Òpònú wo ló yan ìdáhùn yìí?"

"Jókòó, àbúrò mi," ni ọ̀gá wí.

"Mi ò jókòó! Igbe méjì ló yẹ kí ètò máa ké. Ọ̀kan fún ohun tó kùnà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan fún ohun tí ẹ̀rọ ò lè ṣe rárá. 'Ẹ̀rọ yìí ò lè ṣe é, ẹ fọwọ́ yí i'! Ta ló pa méjèèjì pọ̀?"

"Kí n fọwọ́ yí kí ni?" Ẹ̀gbọ́n ló béèrè.

"Kókó dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ."

"Èyí tó fara kan ìrọ̀rí màmá?"

Ẹnu-Abẹ yíjú sí ọ̀gá.

Ọ̀gá ti ṣí ibi tí wọ́n kọ ìdáhùn náà sí lórí kọ̀ǹpútà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ìdí tó fi kọ ọ́.

"Ọdún méjì sẹ́yìn ni," ó rọra sọ fún Ẹnu-Abẹ. "Mo ní ká kọ igbe méjì. O bá mi jà títí mo fi gbà fún ọ."

Ọ̀gá fẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé. Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò mọ nǹkan kan nínú àmì àti nọ́ńbà tó kún ojú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n èdè ilé ni wọ́n fi kọ ìdí náà.

"Ẹ má kà á, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà."

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tú rírán.

"'Ìdáhùn kan ti tó fún gbogbo ẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ títí tó sú wọn, wọ́n á fi sílẹ̀.'"