Orúkọ Ẹni Tó Kọ Ìlà Náà

"Ìyá Ẹ̀rọ, òkú yín tún ti kú o!"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kò gbójú sókè. Ọjọ́ kọkànlá rèé tó ti ń wá ohun tó ń pa kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, èyí tó ń ṣọ́ èémí àwọn aláìsàn. Bó bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, á nà gbalaja.

Ọ̀gá, ọ̀dọ́kùnrin tí obìnrin náà fi ọdún mẹ́wàá jù, fọwọ́ lu tábìlì. "Màdámù, bí ẹ ò bá rí àrùn yẹn kó tó di aago méjì, ẹ má wá lọ́la."

Ọmọ mẹ́ta ń bẹ nílé, kò sí bàbá wọn. Àfi kó rí i.

Ó sì rí i! Inú rẹ̀ dùn bí ẹni rí ọmọ tó sọnù. Dírẹ́bà, ètò kékeré tó ń gbọ́ èdè ẹ̀rọ èémí, ni oníṣẹ́ ibi. Bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, á tọrọ àyè nínú mẹ́mọ́rì, iyè kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́ kánẹ́ẹ̀lì, baálé inú kọ̀ǹpútà tó ń pín àyè fún gbogbo ètò. Bí ẹ̀rọ èémí bá dáhùn, dírẹ́bà á dá àyè padà. Bí kò bá dáhùn, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò ní dá nǹkan kan padà. Díẹ̀ díẹ̀ ilé kún dẹ́nu, baálé ò rí ibi tẹsẹ̀ bọ̀. Ìlà kan péré, tí á máa dá àyè padà, ni oògùn rẹ̀.

Àmọ́ orúkọ ẹni tó kọ ibẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba: Bàbá, àgbàlagbà tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó máa fẹ̀yìn tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà tá a fẹ́ fi ṣàlàyé àṣìṣe yìí fún ilé ìwòsàn," ni ọ̀gá wí nígbà tó gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "A ò ní dágbére fún un mọ́, a ó lé e ni. Àbí kẹ́ ẹ kọ tiyín?"

Ó lọ bá Bàbá. Bàbá ka ìlà tó kọ nígbà náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó bá dá orin:

"Ẹni gbàyè tí ò dá a padà,
àyè á gba tiẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ o."

"Kọ ọ́, ọmọ mi. Báyìí lèmi náà ṣe kọ orúkọ ọ̀gá tèmi. Ó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí, mo fò ó kọjá."

"Ẹ̀yin ò ní bẹ̀ mí, sà?"

"Ì bá wù mí. Orúnkún ló ń dùn mí."

Ó padà sídìí iṣẹ́. Ó fi ìlà oògùn náà sí i, ó dán an wò, ara kọ̀ǹpútà le kokooko. Ó wá kọ orúkọ Bàbá sínú lẹ́tà, ó kọ ọ́ lódindi, ó sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí Bàbá fi ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí. Obìnrin náà dúró tì í, ó na ọwọ́.

"Bàbá, kí ẹ tó lọ, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ tábìlì yín. Èmi ló kàn níbẹ̀."