Ta Ló Ni Ọnọrébù?

Gbogbo ọwọ́ ló wà lókè àfi ti Àrìnkẹ́. Ó gbé tirẹ̀ lé itan, ó ń wo iwájú.

"Ìyá Ìdrís, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé-ìwé aládàáni, ló ń béèrè láti ìdí tábìlì. "A ní kí ẹni tó bá fara mọ́ owó ìtìlẹ́yìn Ọnọrébù nawọ́ sókè."

"Mo gbọ́, Alága. Mi ò fara mọ́ ọn ni."

Gbogbo gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣèpàdé ní Ire-Akari yíjú sí i. Ọnọrébù Ọmọ́bọ́lájí fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó jókòó sápá ọ̀tún alága, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti lo sáà kan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ó sì tún fẹ́ padà lọ. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ ìgbìmọ̀ yìí ni àbádòfin kan wà tí kò jẹ́ kí àwọn onílé-ìwé sùn: pé kí olùkọ́ tó bá bímọ máa gba owó oṣù rẹ̀ ní gbogbo àsìkò tó bá fi wà nílé tọ́jú ọmọ. Kí Ọnọrébù tó wọlé ni alága ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn: bí ẹgbẹ́ bá dáwó fún ìpolongo, àbádòfin náà ò ní rí ojú ọ̀run.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn," ni Ọnọrébù wí. "Ìjọba àwa-ara-wa là ń ṣe."

Àrìnkẹ́ dìde. "Ẹ ṣé, sà. Ilé-ìwé kékeré ni mo ní l'Éjìgbò. Bí òfin yẹn bá jáde, ó máa ni mí lára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí kí n tó di onílé-ìwé. Ojú abẹ tí wọ́n fi gbé Ìdrís jáde ò tíì jinná tí mo fi padà sí kíláàsì, torí ọ̀gá mi ní òun ti rí ẹlòmíì tó máa gba ipò mi."

Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn: "Ta ló fẹ́ máa sanwó èèyàn méjì fún iṣẹ́ ẹnì kan?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n nílé aṣòfin, ní gbangba, kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Àmọ́ ká fowó tẹ̀ ẹ́ rì? Bí àwa tí kò ní púpọ̀ bá lè ra Ọnọrébù lónìí, tí àwọn onílé-ìwé ńlá bá fẹ́ òfin tó máa ti ilé-ìwé tiwa pa lọ́la ńkọ́? Ṣé a lè dá iye tí wọ́n máa dá?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ọnọrébù. "Mádàámù, kò sẹ́ni tó rà mí."

"Kí wá ni owó yẹn wà fún, sà?"

Alága lu tábìlì. "Ó tó! Ẹ ò ní dójú tì wá níwájú àlejò. Ẹni tí ò bá lè bá ẹgbẹ́ rìn, ilẹ̀kùn nìyẹn."

Àrìnkẹ́ mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e.

Kò pẹ́ tó fi jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Ẹgbẹ́ ló máa ń ṣètò ìdánwò ìgbáradì fún àwọn ọmọ ìwé kẹfà kí ti ìjọba tó dé. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé Àrìnkẹ́ ò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀. Bàbá ọmọ kan, Àyànníyì, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Òṣòdì, pa ṣọ́ọ̀bù tì, ó wá bá a.

"Mọ́mì sùkúù, ṣé òṣèlú ni mo rán ọmọ mi wá kọ́ níbí?"

"Rárá, sà. Ẹ má bínú. A máa ṣe ìdánwò náà fún wọn níbí."

"Wọ́n ní ẹ bú Ọnọrébù."

"Mo bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ni. Àwọn ni wọ́n gbọ́ ọ bí èébú."

Ẹ̀rín fẹ́ gba Àyànníyì lẹ́nu, ó gbé e mì. "Bí ọmọ mi bá fìdí rẹmi, mo máa mú un kúrò o." Ó lọ.

Memunat, olùkọ́ ìwé kìíní, ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ikùn rẹ̀ tó ti ga. "Mà, ẹ jẹ́ n kúkú lọ sọ́dọ̀ màmá mi n'Íwó kí n bímọ síbẹ̀. Bí mi ò bá sí níbí, ẹ ò ní ní nǹkan tí ẹ ń jà fún mọ́."

"Tí o bá lọ, wọ́n á ní kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Jókòó jàre, ẹsẹ̀ rẹ ti wú."

Àrìnkẹ́ ò tíì sinmi tí fóònù rẹ̀ fi dún. Alága ni.

"Ìyá Ìdrís, ẹ san tiyín bí àwọn yòókù, kí ọ̀rọ̀ tán. A ò tiẹ̀ ní kí ẹ tọrọ àforíjì."

"Mi ò ní san án, Alága."

"Oríkunkun yín ló máa ti ilé-ìwé yẹn pa."

"Kó tì í pa, sà. Ṣe bí èmi ni mo ṣí i."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn òbí lè kó ọmọ wọn lọ lóòótọ́. Memunat fa àga kan, ó jókòó.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọnọrébù wá bá àwọn ará Èjìgbò sọ̀rọ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Kí ìjókòó má bàa ṣófo, Alága Ọláyanjú ti pàṣẹ fún gbogbo olùkọ́ ilé-ìwé rẹ̀ pé kí wọ́n wá pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn. Wọ́n kún ìlà iwájú fọ́fọ́. Àrìnkẹ́ àti Memunat jókòó lápá kan.

Nígbà tó kan ìbéèrè, àwọn kan béèrè nípa gọ́tà, àwọn mìíràn nípa tiransifọ́mà. Àrìnkẹ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ọnọrébù, àbádòfin owó oṣù fún olùkọ́ tó bá bímọ, ọ̀dọ̀ yín ló wà. Ẹgbẹ́ onílé-ìwé ń dá owó ìpolongo fún yín kí ẹ má bàa mú un jáde. Ojú mi ló ṣe. Ṣé ẹ máa mú un jáde, àbí ẹ ò ní mú un jáde?"

Atọ́kùn ètò já ẹ̀rọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọláyanjú fò dìde. "Ẹ má dá a lóhùn, sà! A ti lé e lẹ́gbẹ́."

"Ẹ̀yin ìyá wa," ni Ọnọrébù wí, "iṣẹ́ òfin gba sùúrù. A wà lórí ẹ̀." Ó nàka sí ọkùnrin kan lápá òsì. "Ìbéèrè tó kàn."

Kí ọkùnrin náà tó la ẹnu, obìnrin kan dìde láàárín àwọn olùkọ́ Ọláyanjú. Àrìnkẹ́ ò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni obìnrin náà wí, "ẹ ò tíì dáhùn èyí tí wọ́n bi yín."

"Àǹtí Fawziyyah! Jókòó!" ni Ọláyanjú jágbe.

Kò jókòó. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dìde. Àwọn olùkọ́ tó wà lẹ́yìn wọn náà dìde. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn dúró tí wọ́n ń wo Ọnọrébù ni.

Àrìnkẹ́ fẹ́ tún sọ̀rọ̀, Memunat rọra fà á láṣọ. Ó jókòó.

Ọnọrébù wo àwọn obìnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin. Ó wo Ọláyanjú tó ṣì wà lórí ìdúró. Ó wá fọwọ́ ṣàpèjúwe fún alága pé kó jókòó, ó sì kọjú sí àwọn olùkọ́ náà.