Ẹ̀bùn Tí A Rà fún Ànísà

Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Abidjan, tó bá di ká fún èèyàn lẹ́bùn, a mọ̀ ọ́n ṣe. Ká gbọ́ ọ̀rọ̀ ni a ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà sọ bẹ́ẹ̀ nítorí mo wà níbẹ̀, èmi Sàlíhà oníbàtà ọmọdé ní ọjà Treichville. Mo sì wà lára àwọn tí wọ́n sọ fún tí wọn ò gbọ́.

Ànísà ni ọmọ kan ṣoṣo tí àbúrò mi Hàbíbà bí. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà ní Sátidé tó kọjá. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní otísímù ló wà lára rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀, kì í wo ojú èèyàn, ariwo sì máa ń gún un létí bí abẹ́rẹ́. Aṣọ tó bá yún un lára, ibi tó bá dé ni yóò ti bọ́ ọ sílẹ̀. Ọkọ Hàbíbà ni Lúkmánì, tó ń ta ẹ̀yà ara fóònù ní Adjamé. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ Lúkmánì ò lè wo ojú ìyá rẹ̀ kó ní rárá.

Ìyá Lúkmánì yìí wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ààwẹ̀, ó dé sílé Àlájì Abọ́dúnrìn ní Treichville. Àlájì ni olórí ẹbí wọn níbí. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n pinnu pé kí wọ́n gbé Ànísà lọ sílé, kí àwọn ààfáà máa ṣàdúà fún un, kí Hàbíbà lè ráyè bí òmíràn. Ìdí kan ṣoṣo ni wọ́n rí: wọ́n ní ọmọ náà ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀, nítorí náà ibi yòówù tó bá wà, bákan náà ni lójú rẹ̀. Hàbíbà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Lúkmánì wá fi ọ̀rọ̀ tù ú pé òun ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, pé ọjọ́ ìbí ọmọ ni kí gbogbo ẹbí fi wò ó. Tó bá lè jókòó láàárín èèyàn, tó bá lè kúnlẹ̀ dúpẹ́ ẹ̀bùn, kò níí lọ mọ́. Tí kò bá lè ṣe é, ó di èrò Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn.

Ṣé ẹ wá rí i pé ẹ̀bùn ọjọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́? Hàbíbà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ká ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, ó rọra ń ṣàlàyé bí ẹni ń lọ ata fún aláìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tó bá ń pariwo, ẹ má rà á. Ohun tó bá ń tàn tó ń kú, ẹ má rà á. Tó bá jẹ́ aṣọ ni, kó jẹ́ òwú tó rọ̀, kẹ́ ẹ gé aṣọ pélébé tí wọ́n ń rán mọ́ ọrùn rẹ̀ kúrò. Rọ́bà tó lè máa jẹ lẹ́nu dára, ìbòtí tí ò ní jẹ́ kó máa gbọ́ ariwo dára, ìrọ̀rí tó wúwo tí wọ́n lè gbé lé e lẹ́sẹ̀ dára jù, nítorí òun ni ara rẹ̀ fi ń balẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa tí a ò béèrè tí wọ́n júwe ọ̀nà fún lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́?

Hà, inú bí ẹbí. Lọ́dọ̀ tiwa, wọn kì í yan ẹ̀bùn fún ẹni tó fẹ́ fún ni. Ohun tó bá wù ú ni yóò rà, tìẹ ni pé kó o kúnlẹ̀ gbà á, kó o tún pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé ẹ ṣeun àná. Àlájì ní ọmọ wo ni wọ́n ń fún lẹ́bùn tó tún ń rán èèyàn níṣẹ́? Bàsìt àbúrò Lúkmánì, tó jẹ́ pé Nouchi, èdè ìgboro Abidjan, ló fi ń lálàá, fi èsì ránṣẹ́ pé “y a fohi”, ìyẹn ni pé kò séwu, kí ìyàwó wa fọkàn balẹ̀. Ó dá mi lójú pé kò gbọ́ ọ dé ìdajì. Èmi ńkọ́? Oníbàárà kan dúró níwájú mi tó ń ná bàtà, mo gbọ́ ọ dé ibi “ẹ jọ̀ọ́” kejì, mo pòṣé, mo pa fóònù. Mo ní àbúrò mi ti ń ṣe bí òyìnbó.

Sátidé dé. A pé jọ lẹ́yìn ìrun Alaasari sí ilé wọn ní Niangon, ní àjà kejì. Hàbíbà ti pa tẹlifíṣọ̀n, ó ti fi aṣọ bo fèrèsé, ó ti gbé àtíkẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja dídín sílẹ̀. Ànísà jókòó sórí ẹní, ó ń fi ìka tọ etí ẹní lọ, ó ń tọ̀ ọ́ bọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó kúkú jókòó láàárín èèyàn. Ká ní a lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn la gbé wá, ẹ̀bùn la sì gbọ́dọ̀ fún un.

Àlájì ló kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀. Ọmọlangidi ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Ànísà fúnra rẹ̀. Ó tẹ ẹ lẹ́yìn, ojú ọmọlangidi ń tàn, ó ń kú, ó sì figbe orin Faransé bọnu bí ẹni tí wọ́n já lólè. Ànísà fọwọ́ méjèèjì bo etí. Àlájì ní ìdùnnú ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàsìt gbé àpótí orin tirẹ̀ jáde, iná oríṣiríṣi ń sáré yí i ká, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè kí ọmọ lè gbádùn ọjọ́ rẹ̀. Ìyá Lúkmánì tú kaba basẹ́ǹ tirẹ̀, aṣọ olówó iyebíye tí wọ́n ti rì sínú sítáàṣì tí wọ́n sì lù títí tó fi ń dán, tó fi lè dá dúró nílẹ̀ láìsí ọmọ nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ fún un lójú ẹsẹ̀, kí òun rí i. Wọ́n fi tipátipá wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn, ọmọ náà sì ké.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ó kan tèmi náà. Èmi tí mo ti ń ta bàtà láti ogún ọdún, tí bàtà rírọ̀ kún ìsọ̀ mi dé àjà, bàtà tó ń fọn fèrè ni mo mú. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n fi fèrè sí ní gìgísẹ̀, tó jẹ́ pé tí ọmọ bá ti ń tẹlẹ̀, á máa dún fín-ín, fín-ín. Mo tiẹ̀ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè mọ̀ pé ojúlówó ni. Ànísà ya kaba náà bọ́, ó ku aṣọ òwú àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sáré wọ abẹ́ tábìlì, ó ń forí gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Hàbíbà rá tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ wá pé ká pa gbogbo rẹ̀. Bàsìt ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa tirẹ̀, kò rí i.

Nígbà tí ilé dákẹ́, Lúkmánì wọ yàrá, ó sì fa àpótí ìrìn-àjò kékeré kan jáde, àpótí pupa tó ní táyà nídìí. Ó ní òun náà ra tòun fún ọmọ òun. Mo rí i tí ojú Hàbíbà yí padà. Ó béèrè pé kí ni ọmọ tí kò lọ ìrìn-àjò kankan fẹ́ fi àpótí ìrìn-àjò ṣe. Lúkmánì ní ìwé ni yóò máa kó sí i. Kò wo ojú ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Àlájì wá dájọ́. Ó ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, gbogbo wa la ti fojú wa rí i pé ọmọ náà ò jókòó, kò kúnlẹ̀, kò dúpẹ́. Ó ní ọmọ tó bá káwọ́ sókè ló fẹ́ ká gbé òun, èyí ò káwọ́ sókè rí. Kò mọ ìyá, kò mọ bàbá, kí Ìyá Lúkmánì máa gbé e lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ìyá Lúkmánì ń nu ojú. Bàsìt ń jẹ ẹja. Inú ń bí mi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹnu wo ni èmi oníbàtà onífèrè fẹ́ fi sọ ọ́?

Ìgbà yẹn ni Ànísà rá jáde lábẹ́ tábìlì.

Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó lọ síbi tí a kó ẹ̀bùn jọ sí, ó di ọmọlangidi náà mú lẹ́sẹ̀, ó nà án jìnnà sí ara bí ẹni mú òkú eku dání, ó sì gbé e lé Àlájì lórí itan. Ó pa dà. Ó ti àpótí orin títí tó fi dé iwájú Bàsìt. Ó pa dà. Kaba basẹ́ǹ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Lúkmánì. Ó rọra gbé bàtà onífèrè kó má baà dún, ó sì kó o sí mi lọ́wọ́. Àwa mẹ́rin, kò ṣi ẹnì kan mú, òun tí wọ́n ní kò dá èèyàn mọ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbé bàtà náà sí.

Àlájì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí, pé wọn kì í dá ẹ̀bùn pa dà fún àgbà. Ojú gbogbo wa ti kúrò lára rẹ̀, nítorí ó ku àpótí. Lúkmánì ti nawọ́, ó ń retí tirẹ̀. Ànísà fi àyà gbé e, kò jẹ́ kí táyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ kọjá bí ẹni kọjá lára ògiri, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú ìyá àgbà.

“Ta ló sọ fún un pé èmi ni mo rà á?” Ìyá Lúkmánì béèrè.

Gbogbo wa yíjú sí i. Ó fọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde. Lúkmánì dorí kodò, ó sì jẹ́wọ́. Lọ́jọ́rú tó lọ mú ọmọ bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ó yà kí ìyá rẹ̀ ní Treichville, ibẹ̀ ni ìyá ti gbé àpótí náà fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò tán lójú Ànísà tó kọjú sí ògiri, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ níwájú àga. Ìdánwò tí wọ́n ní ká wá wò, wọ́n ti kọ èsì rẹ̀ kí a tó dé. Mo fẹ́ gbá Lúkmánì létí, mo sọ ọ́ láìfi bò.

Àbúrò mi ò pariwo. Ó ṣì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá tábìlì.

“Kò sẹ́ni tó sọ fún un, Ìyá,” ó ní. “Ó rí yín ni. Ojoojúmọ́ ló ń rí gbogbo wa.” Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Ànísà, ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ rí i?”

Lúkmánì dìde. Mo rò pé yóò bẹ ìyá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé àpótí náà sọ̀ kalẹ̀, ó fi í sẹ́yìn ọkọ̀ Àlájì, ó gòkè pa dà wá. Ó ní kí Ọlọ́run sin Ìyá lọ láyọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ òun ò ní bá wọn lọ. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́, àmọ́ ó sọ ọ́. Àlájì fìbínú jáde, Ìyá àti Bàsìt tẹ̀ lé e, a sì ń gbọ́ ọmọlangidi náà tó ń kọrin lábíyá Àlájì títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ tán.

Lúkmánì jókòó sílẹ̀. Kò pe ọmọ, kò fọwọ́ kàn án. Hàbíbà ń kó àwo, kò wò ó, kò bá a sọ̀rọ̀. Ànísà rìn kọjá lára bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á dìde, ó sì mú un lọ fún Hàbíbà.

Hàbíbà gbà á. Kò dúpẹ́.