Mo Bá Nọ́ọ̀sì Keturah Ṣàìsàn

Ọdún kẹta rèé tí Nọ́ọ̀sì Keturah ti ń gbé yàrá ọwọ́ òsì nínú ilé mi ní Igbó-Ọrà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ìjọba ló gbé e wá síbí kó máa gbẹ̀bí. Bí ó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àwọn aboyún ń pé jọ ní ilé ìwòsàn, èmi náà á ró ìró mi, mo ní mò ń lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Irọ́ ni. Orin ni mò ń bá lọ. Keturah á dúró níwájú wọn, á gbé e:

*Jẹ ẹ̀fọ́, jẹ ẹ̀wà, má jẹ ẹfun,*
*Ọmọ inú rẹ mọ ohun tó dùn.*

Gbogbo ikùn á máa jó. Èmi náà á jó, èmi tí ikùn mi ti fẹ̀yìn tì láti ọjọ́ pípẹ́.

Àfi bí orin ṣe dákẹ́. Nígbà tí òjò ọdún yìí ń bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan wá láti ìlú Tápà, ó bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Kí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó dé, obìnrin náà ti kú mọ́ Keturah lọ́wọ́. Wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n ní Keturah kò jẹ̀bi. Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n etí ló gbọ́, ọwọ́ kò gbọ́. Bí obìnrin bá ti ké nínú ìrọbí, ọwọ́ Keturah á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Á dé ilé, á máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á fọ̀ ọ́ títí awọ á fi bó. Oorun ò sí.

Mo ní, "Ọmọ mi, dókítà kan wà tó máa ń wá sí Èrúwà ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Àárẹ̀ ọkàn ló ń wò. Lọ bá a."

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá kọ orúkọ mi sínú fáìlì ibẹ̀, tí àwọn tó fún wa ní láísẹ́ǹsì gbọ́, wọ́n á gbà á. Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀?"

"Ta ló sọ pé wọ́n á gbà á?"

"Gbogbo wa la mọ̀."

"Ta ni wọ́n gba tiẹ̀ rí?"

Ó dìde, ó tún lọ fọ ọwọ́.

Mo rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo ní kó sìn mí lọ sí Èrúwà lọ́la.

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Orí mi ni. Mò ń kọrin jù."

"Màmá, ìyẹn kì í ṣe àìsàn."

"Lọ bi àwọn ará ilé kejì."

Ó mọ̀ mí, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì wo ló máa jẹ́ kí arúgbó dá lọ sí ọsibítù? A wọ mọ́tò. Mo kọrin títí dírẹ́bà fi pa rédíò rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ máa bá a lọ, tiyín ò ní ìpolówó ọjà nínú."

Ní orí bẹ́ǹṣì ọsibítù Èrúwà, obìnrin tíṣà kan láti Lánlátẹ̀ jókòó tì wá. Ó dá Keturah mọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Ta lẹ mú wá?"

Keturah yára nàka sí mi. "Màmá mi ni."

Mo bá yíjú sí ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún un. Obìnrin náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, á lọ." Mo ṣe àmín, mo tún ń bá ògiri mi lọ.

Wọ́n pè wá wọlé. Dókítà Ọláníyì ni wọ́n ń pè é, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan. Ó ní, "Ìyá, kí ló ń dà yín láàmú?"

Ṣé ẹ rí i, mo ti gbàgbé láti kọ́ àìsàn kankan sórí. Èyí tí mo rí nílé ni mo sọ. "Mi ò lè sùn. Bí obìnrin bá ń rọbí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Mo máa ń fọ̀ ọ́ títí á fi bó."

Ó gba ọwọ́ mi, ó yí i sókè, ó yí i sódò, ọwọ́ tó ti bó gbáàgúdá fún àádọ́ta ọdún.

"Ìyá, ọwọ́ yìí kò bó o. Ẹ̀yin náà ń gbẹ̀bí ni?"

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni."

Keturah bú sẹ́rìn-ín. Ó rín ín, ó rín ín, ẹ̀rín yẹn bá di ẹkún. Dókítà kò ní kó dákẹ́. Mo dìde kí n fún wọn láyè, Keturah di ìró mi mú. "Màmá, ẹ jókòó."

Ó wá kọjú sí dókítà. "Bí mo bá sọ̀rọ̀, láísẹ́ǹsì mi ńkọ́?"

Dókítà ní, "Ohun tí ẹ bá bá mi sọ, èmi kì í kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Àìsàn tí èèyàn ń tọ́jú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Bí mo bá rí i pé ọwọ́ yín lè ṣe aláìsàn léṣe, tí ẹ sì kọ̀ láti kúrò níbẹ̀, mi ò ní lè dákẹ́. Ẹ̀yin náà sì ni màá kọ́kọ́ sọ fún. Ìgbà wo lẹ tún ń gbẹ̀bí?"

"Lọ́la."

"Ṣé ọwọ́ yín á lè ṣe é lọ́la?"

Keturah tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì dókítà.

"Rárá," ó ní.

Dókítà rọra mi orí. "Èmi náà ti sọ 'rárá' yẹn rí. Dókítà bíi tèmi kan wà n'Íbàdàn tí mo máa ń lọ bá títí di òní."

Ó fún un ní oògùn díẹ̀, ó ní kó máa wá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ṣùgbọ́n ó ní kí Keturah fúnra rẹ̀ sọ fún Mátírọ́ọ̀nù Oyinadé, ọ̀gá wọn ní Igbó-Ọrà, pé òun kò ní gbẹ̀bí fún ìgbà díẹ̀. Obìnrin yẹn le. Bó bá ń kọjá, àwọn ọmọ tuntun pàápàá ń dẹ́kun ẹkún.

Níta, èmi ni mo bá a di fóònù mú, mo sì ní kó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde kí n lè gbọ́.

"Mátírọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mú mi kúrò ní yàrá ìgbẹ̀bí fún ìgbà díẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí ẹ fi mí sí. Àárẹ̀ ọkàn ń ṣe mí. Mo ti wá rí dókítà."

Keturah di ojú bí ẹni tó ń retí ẹgba.

"Keturah."

"Mà."

"Abẹ́rẹ́ àjẹsára, láti ọjọ́ Ajé. Màá wá ẹni tó máa dúró fún ọ lọ́la."

"Ẹ ṣé mà."

"Má tíì gé fóònù." Ohùn obìnrin náà ti rẹlẹ̀. "Dókítà yẹn, ọjọ́ wo ló tún ń bọ̀? Láti ìgbà obìnrin Tápà yẹn, èmi náà ò tíì sùn."

Mo gbé fóònù fún Keturah, mo ní kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, mo sì lọ wá mọ́tò.