Oko Tí Wọn Ò Dáná Sun

Àpótí tí wọ́n ní kí Dáfídì jókòó lé níbi ìpàdé ẹbí ń jó o nídìí bí ẹni pé iná wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ni òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba tó kọ́ Àlímọ̀t, opó agbo ilé yìí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, pé kó má dáná sun oko rẹ̀ lódìkejì ọ̀sà mọ́. Kó fi koríko àti ewé bo ilẹ̀, kí wọ́n jẹrà síbẹ̀. Àlímọ̀t gbọ́ràn. Ìgbọràn ló wá fẹ́ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Àṣà ẹbí wọn ni pé ìpín tí wọn ò bá dáná sun kí òjò tó dé, ẹni tó ni ín ti pa á tì. Ẹlòmíràn lè gbà á.

Jíbrílù, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, ló fẹ́ gbà á.

"Mo kó ẹ̀rí wá!" Ó da apẹ̀rẹ̀ dé gbì níwájú Bàbá Mọ̀núrù, olórí ẹbí. Ewé jíjẹrà àti erùpẹ̀ dúdú tú síta, ekòló ńláńlá ń yí gbiri nínú wọn. Àwọn obìnrin fò sórí pèpéle. "Ẹ ò rí i? Ó ti sọ oko bàbá wa di ààtàn!"

Àlímọ̀t kàn wo Dáfídì. Ẹgba kò tó ìwò yẹn. Dáfídì sáré dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo..."

"Ta ló pè ọ́, akọ̀wé?" ni Jíbrílù. "Ṣé ṣòkòtò péńpé ni wọ́n fi ń dáko?"

Bàbá mú ekòló kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Jíbrílù, ìgbà wo lo rí irú èyí kẹ́yìn lóko tìrẹ?"

"Lóko tèmi kẹ̀? Ó ti tó ọdún mẹ́ta! Iná mi kì í dá kòkòrò sí!"

"Ẹ̀gẹ́ rẹ ńkọ́?"

Ohùn Jíbrílù lọ sílẹ̀. "Ẹ̀gẹ́... ẹ̀gẹ́ ń gbìyànjú."

"Ó tín-ín-rín bí ìka ọmọ jòjòló!" Afusat, ìyàwó rẹ̀ gan-an, ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ekòló júbà ilẹ̀, ilẹ̀ lanu," ni Bàbá wí. "Ilẹ̀ tìrẹ ti pa ẹnu dé. Mo ti mọ ẹni tó pa oko tì báyìí, kì í ṣe Àlímọ̀t. Kó máa ro oko rẹ̀ lọ."

Dáfídì mí kanlẹ̀. Ó tètè mí jù.

"Ìwọ akọ̀wé!" ni Bàbá tún wí. "Oko Jíbrílù náà kò gbọdọ̀ rí iná lọ́dún yìí. Ìwọ lo máa kọ́ ọ. Bí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò bá ta, ìwọ la máa bi."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn bí ológbò méjì nínú àpò kan.

"Ọkọ̀ mi ń kúrò l'Èbúté Èrò láàárọ̀ kùtùkùtù ọ̀la," ni Jíbrílù kùn. "Tó o bá pẹ́, màá ti ṣáná."