Iṣu Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Monílọ́lá

Lásìkò Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú Oǹdó ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, iṣu ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Monílọ́lá tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Gaàrí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nínú àpò kékeré kan tó fi okùn ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ so lẹ́nu. Obìnrin náà kì í ṣe ahun, kì í sì í ṣe wọ̀bìà. Ó ti rù débi pé ìró kì í dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bímbọ́lá, ló ń gbé láti ìgbà tí odò Àlà ti ya wọ ilé wọn ní Isikan, ní Àkúrẹ́, tó sì gbé Gbémiga ọkọ rẹ̀ lọ.

Kò lè jẹ ohun olómi. Bí ọbẹ̀ bá ń hó nínú ìkòkò, á dìde kúrò níbẹ̀ kó má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Gaàrí gbígbẹ ló ń dà sẹ́nu, iṣu sísun ló ń jẹ, bí òjò bá sì ṣú, kì í fi nǹkan kan kan ẹnu títí ojú ọjọ́ yóò fi mọ́. Bí wọ́n bá bi í bóyá ebi ń pa á, á ní rárá.

Olùkọ́ ni Bímbọ́lá. Kò fẹ́ràn ìfiṣòfò. Èèpo iṣu pàápàá, ewúrẹ́ ló ń kó o fún.

"Móní, ṣé eku lò ń sìn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Iṣu ti ń hù! Wá ọ̀pá wá, ká kúkú fi í gbè é."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bóyá ẹ̀rín yẹn ló tú Monílọ́lá nínú, torí ọjọ́ náà ló sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí omi dé, òun àti Gbémiga gun àjà. Wọ́n wà níbẹ̀ láti ìdájí títí oòrùn fi kanrí. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà nígbà tí Monílọ́lá sọ pé ebi ń pa òun. Gbémiga fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ ọmọ Oǹdó yìí, àgbàrá ò tiẹ̀ lè gbé iyán kúrò lọ́kàn rẹ." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ́dò lọ sí ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, kó lè gbé ìkòkò ẹ̀wà tó wà lórí pẹpẹ. Ògiri ibẹ̀ ti mumi yó. Ó wó lù ú, àgbàrá sì wọ́ ọ lọ. Monílọ́lá pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ìdí tí mo fi ń kó oúnjẹ sítòsí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má tún dìde lọ wá a fún mi. Àǹtí, ẹ má sọ fún ẹnì kankan. Wọ́n á ní ọ̀fun mi ló pa á."

Bímbọ́lá fi ìka kan ahọ́n, ó nà án sókè. "Ó di inú mi, ó di inú ilẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ara Monílọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń fi iṣu kan epo, lẹ́yìn náà ó ń fi í kan ọbẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ìkòkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé láyé.

Ọjọ́ Ìkórè pé. "Máa lọ síwájú," Bímbọ́lá wí, "mo ń bọ̀ lẹ́yìn." Nígbà tí ìsìn parí, gbàǹjo bẹ̀rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gbẹ́ni Rufus, tó máa ń kéde ọjà, gbé iṣu kan sókè, ọ̀mùnú ti yọ lórí rẹ̀.

"Iṣu rèé o! Iṣu tó sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó jí, tó gbàdúrà kó tó wá! Ta ni yóò fowó lé e?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó tún gbé àpò gaàrí kan. "Ẹ wo èyí! Òun ní tiẹ̀, ó múra, ó so okùn ṣòkòtò!"

Monílọ́lá rí okùn náà. Ó rò pé olè ló jà wọ́n. Mary, ọmọ ìjọ wọn kan tí wọ́n jọ jókòó, wá fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

"Má bọkàn jẹ́, Móní. Àǹtí rẹ ti ṣàlàyé fún wa ní ẹgbẹ́ àdúrà. A ti gbààwẹ̀ lé e lórí. Ọlọ́run ti dárí jì ọ́. Ìwọ náà ò kúkú mọ̀ pé oúnjẹ ẹnu rẹ ni yóò gba ẹ̀mí ọkọ rẹ."

Ọlọ́run ti dárí jì í, wọ́n ní. Monílọ́lá jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ta iṣu tó kẹ́yìn, ẹni tó ra gaàrí sì tú okùn náà dànù kó lè tọ́ ọ wò.

Nígbà tí òun àti Bímbọ́lá délé, òjò ti ń ṣú.

"Àǹtí, ẹ ta oúnjẹ mi."

"N ò tà á. Ọlọ́run ni mo fi fún. Iṣu ń jẹrà nínú ilé mi, àwọn èèyàn sì ń febi sùn káàkiri ìlú yìí! Ohun tó bá ti ń dẹ́rù ba èèyàn, pẹpẹ ló yẹ ká gbé e lọ."

"Ẹ̀yin lẹ fi ìka kan ahọ́n."

Bímbọ́lá ń tún gèlè rẹ̀ wé. "Àdúrà ni mo ní kí wọ́n bá wa gbà."

"Ẹ ní ó di inú ilẹ̀. Ilẹ̀ wo ló wá ń sọ̀rọ̀ ní ẹgbẹ́ àdúrà?"

"Torí kí o lè máa jẹun ni, Móní!"

"Mo ti ń jẹun. Ọbẹ̀ yín ni mo ń jẹ."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Monílọ́lá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú.

"Ebi ń pa mí," ó wí.

"Kí lo sọ?"

"Ebi ń pa mí, Àǹtí."

Òótọ́ ni, ebi ń pa á. Ó sì mọ̀ bó ti ń sọ ọ́ pé òun kò ní jẹ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n òun mọ́. Ṣùgbọ́n ojú Bímbọ́lá ti tàn. "Olúwa ṣeun! Jókòó, má dìde! Iyán wà nílẹ̀, ọbẹ̀ gbóná." Ó fi àwo páànù borí, ó sáré gba inú òjò lọ sí ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé.

Monílọ́lá di ìwọ̀nba aṣọ tó ní, ó jáde. Àmọ́ nígbà tó dé abẹ́ igi fúrúùtù ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Omi ń ṣàn gba iwájú rẹ̀ kọjá, aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin, kò sì mira. Ó dúró títí Bímbọ́lá fi yọ, tó gbé àwo oúnjẹ mọ́ àyà, tó fo àgbàrá, tó sì tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àlàáfíà.

Ìgbà náà ló tó kọjú sí ọ̀nà gáréèjì Àkúrẹ́. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé, tó sì pè é títí. Kò dáhùn.