Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Lẹ́tà Bótirí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Màmá Láàbù ti lò nínú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn kan. Òun ni ọ̀gá ibẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n sọ ní Bótirí, torí bí nǹkan bá ti rí náà ló ṣe máa sọ ọ́. Bí dókítà bá kọ̀wé bí ẹsẹ̀ adìyẹ, Bótirí á gbé ìwé náà padà lọ bá a: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un kọ. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni, kì í ṣe tẹ́tẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ló ń pe Màmá Láàbù, ìyẹn náà sì ń pè é ní àbúrò mi. Wọ́n mọwọ́ ara wọn, àfi ọjọ́ kan nínú oṣù kejì. Màmá Láàbù ṣèèṣì lẹ orúkọ aláìsàn kan mọ́ ìgò ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wọlé, ó ń béèrè ẹni tó ṣe é. Kí Màmá Láàbù tó la ẹnu, Bótirí ti dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n ló lẹ̀ ẹ́, sà. Mo ti rí i, a sì ti ń tún ẹ̀jẹ̀ náà gbà."

Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó fara pa, kò sí ẹni tí wọ́n fún níwèé ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ náà jókòó sí Màmá Láàbù lọ́kàn.

Ní oṣù kẹfà, ilé ìwòsàn ńlá kan ní òdìkejì ìlú ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó yàrá àyẹ̀wò wọn. Bótirí fẹ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí ọ̀gá rẹ̀ kọ lẹ́tà nípa ìwà rẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí jù. Bí mo ṣe rí ni kí ẹ kọ ọ́ o."

"Fi ọkàn balẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá Láàbù jókòó sídìí tábìlì nílé, ó kọ pé ọmọ náà mọṣẹ́, pé kì í pẹ́ẹ́ dé, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ òótọ́ sísọ, ó dúró. Ọkọ rẹ̀, tó fi ọdún gbọọrọ kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó fẹ̀yìn tì, ń ka ìwé ìròyìn lórí àga.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é?"

"Ó pọ̀. 'Frank' wà, 'candid' wà, 'forthright' wà, 'blunt' náà wà."

"Ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Rárá o. Ẹni tó bá jẹ́ 'frank' á sọ òótọ́ fún ọ, ẹ ó sì tún jọ ṣeré. 'Candid' ò ní fi nǹkan kan pamọ́ sínú. 'Forthright', ibi tó ń lọ ló kọjú sí, kì í yí ọ̀rọ̀ po. Ṣùgbọ́n 'blunt'? Òótọ́ ni yóò sọ, àmọ́ kò bìkítà ẹni tó máa dùn. Ta lò ń kọ̀wé nípa ẹ̀?"

"Bótirí ni."

"Há, 'frank' ni tiẹ̀."

"Mo gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó mú bírò, ó kọ "blunt", ó tún fi "very" síwájú ẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé lédè tiwa, olóòótọ́ ni gbogbo wọn; ta ló wá purọ́? Ó lẹ àpò ìwé náà pa kí ọkọ rẹ̀ tó ní òun fẹ́ wò ó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bótirí wọlé láàárọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Wọn ò gbà á. Ó ti lọ bi wọ́n nídìí, obìnrin tó ń gba èèyàn síṣẹ́ sì fi ìlà kan hàn án nínú lẹ́tà.

"Ó ní bí ọ̀gá mi bá lè kọ 'very blunt' sílẹ̀ nípa mi, ohun tó fi pamọ́ á jùyẹn lọ."

Màmá Láàbù sún mọ́ ọn. "Àbúrò mi, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe kà á. Mo rò pé olóòótọ́ ló túmọ̀ sí. Gẹ̀ẹ́sì yìí..."

Bótirí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ohun tí mo sọ fún obìnrin yẹn náà nìyẹn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ò lè bà mí jẹ́ láéláé."

Lọ́jọ́ náà, Màmá Láàbù fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó pe ilé ìwòsàn kejì lórí fóònù. Wọ́n ní ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó sọ ohun tó ṣe fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ká ìwé ìròyìn rẹ̀.

"Ìyẹn ni pé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn lé ọ lọ́wọ́," ló wí, ó sì jáde lọ sí ìta.

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá Láàbù tètè dé ibiṣẹ́ kí àwọn yòókù tó dé. Bótirí ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ń to ìgò.

"Bótirí, mo mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn kí n tó kọ ọ́. Ọkọ mi ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ó tiẹ̀ ní kí n kọ òmíràn."

Ọmọbìnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ ìkejì. "Ṣé torí ìgò ọjọ́sí ni?"

"Òun ni. O dójú tì mí lójú ọ̀gá àgbà."

"Láti ìgbà yẹn la ṣì jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ẹ ò sì sọ fún mi."

Màmá Láàbù kúnlẹ̀. Bótirí sún sẹ́yìn. "Ẹ dìde, mà. Ẹ má fi ìyẹn kún un."

Màmá Láàbù fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ̀gá àgbà, ìyẹn ló sì kọ lẹ́tà mìíràn fún Bótirí. Kó tó rí iṣẹ́ síbòmíràn, ó di oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló ń pa wọ́n pọ̀.

Nígbà tó pẹ́, Màmá Láàbù pè é lórí fóònù. Bótirí béèrè àlàáfíà ọkọ Màmá Láàbù, ó ní iṣẹ́ ń lọ. Màmá Láàbù bi í bóyá inú ṣì ń bí i.

"Ó ṣì ń bí mi, mà. Ṣùgbọ́n ẹ máa pè mí."